Gáàsì Tí Ara Ń Ṣe Fúnra Rẹ̀: Nitric Oxide àti Ọpọlọ Tó Ń Dàgbà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin apoògùn tó wà níjokòó, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ tẹ̀lé òbí yín wá, inú mi dùn púpọ̀ pé ẹ wá, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí máa wúlò fún jù lọ. Ẹ kú ìjokòó o.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nílé. Bàbá tó máa ń ṣírò owó ọjà lórí láìfọwọ́ kan bébà, ó dọjọ́ kan, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ìyá tó mọ oríkì gbogbo ọmọ agbo ilé, ó wá ń bi ọmọ tó bí pé, "Ta ni ìwọ?" Àwọn ará ilé á ní ó ti ń ṣarán. Ṣé ọjọ́ orí nìkan ló ń fà á? Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ni, kí ló dé tí ẹlòmíràn fi ń pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tí iyè rẹ̀ ṣì pé pérépéré?

Ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́ pọ̀. N kò ní kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mú: gáàsì kan tí ara wa ń ṣe fúnra rẹ̀, tí ọpọlọ kò lè ṣe kó má lò ó, tó sì tún lè pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Orúkọ rẹ̀ ni nitric oxide. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ikú ilé la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé lọ sọ pé mo ní májèlé ni nitric oxide. Ibi tó ti jáde, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó bá pàdé lọ́nà, àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ló ń pinnu bóyá á ṣe wá lóore tàbí á ṣe wá níbi.

Kí ni gáàsì yìí gan-an?

Átọ́ọ̀mù méjì péré ló wà nínú rẹ̀: náítírójìn kan, ọ́síjìn kan. Kì í ṣe nitrous oxide o, èyí tí àwọn oníṣègùn eyín máa ń fi sí aláìsàn nímú kí ìrora má bàa pọ̀. Ìyẹn ní náítírójìn méjì, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Tiwa yìí ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò ní ẹnìkejì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jókòó jẹ́ẹ́: ó ń wá ohun tó máa so mọ́ ṣáá ni. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awọ sẹ́ẹ̀lì kò lè dá a dúró. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ṣe é, kíá ló ti dé inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká, kò sì pẹ́ tó fi ń parẹ́.

Ara arginine ni a ti ń yọ ọ́. Arginine wà nínú ẹran, ẹja, ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Ara wa náà sì ń ṣe é. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní NOS ló ń fi ọ́síjìn yọ gáàsì yìí lára arginine, tí ìyókù á di citrulline. Ẹ́ńsáìmù náà kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ó nílò olùrànlọ́wọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ BH4. Ẹ fi BH4 yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Báwo ni ayé ṣe mọ̀ nípa rẹ̀? Robert Furchgott, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ń gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ehoro kọ́ ara ẹ̀rọ tó ń wọn bí iṣan náà ṣe ń fún àti bó ṣe ń dẹ̀. Ó kán kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine sí i. Bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan náà bá ṣì wà níbẹ̀, iṣan á dẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha awọ yẹn dànù, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ kàn ṣèèṣì nù ún ni, iṣan kò ní dẹ̀ mọ́. Ó yé e pé awọ yẹn ló ń tú nǹkan kan jáde, ó sì kéde rẹ̀ ní 1980. Ó di 1987 kó tó hàn pé nitric oxide ni nǹkan náà. Ní 1998, Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí dókítà fún ní nitroglycerin tí ẹ ń fi sábẹ́ ahọ́n bí àyà bá ń dùn yín, nitric oxide tó ń jáde látinú rẹ̀ ló ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ yín.

Ti ọpọlọ ńkọ́? Ní 1988, John Garthwaite àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí glutamate bá kan sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì náà á tú gáàsì yìí jáde. Glutamate ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹ̀kọ́ kíkọ́, ìrántí, fífi ẹ̀jẹ̀ kún apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nitric oxide lọ́wọ́ sí gbogbo rẹ̀.

Orísun mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ibi tó ti ń jáde. Ẹ́ńsáìmù NOS pín sí mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, nNOS, wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èkejì, eNOS, wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Furchgott ń ha dànù yẹn. Àwọn méjèèjì ń tẹ̀lé kálísíọ̀mù: bó bá wọlé, wọ́n á ṣiṣẹ́, bó bá jáde, wọ́n á sinmi. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iNOS, ló yàtọ̀. Nínú ọpọlọ tí ara rẹ̀ yá, ekukáká ni a fi ń rí i. Ìgbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé, tàbí tí orí fara pa, tàbí tí ìdọ̀tí purotéènì bá kó jọ, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ọpọlọ tí à ń pè ní microglia á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Òun kì í dúró de kálísíọ̀mù. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tì: ó lè máa tú u jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àní fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní ìdí tí ara fi dá a bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn ló fẹ́ fi pa. Ṣùgbọ́n gáàsì kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì onílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kan tì í lẹ́yìn, torí ó wà lára èyí tó ṣe kedere jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1994, àwọn onímọ̀ ní ìlú Boston mú èkúté tí wọ́n bí láìní nNOS, wọ́n dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ rẹ̀, bí rọpárọsẹ̀ ṣe máa ń ṣe èèyàn gẹ́lẹ́. Kí ni wọ́n rí? Ibi tó kú nínú ọpọlọ rẹ̀ kéré ju ti èkúté tó ní nNOS lọ. Ẹ̀yin náà á ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbá nitric oxide dànù. Ẹ dúró ná. Ní 1996, wọ́n ṣe ohun kan náà fún èkúté tí kò ní eNOS, ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ibi tó kú nínú ọpọlọ tirẹ̀ tóbi sí i. Gáàsì kan náà ni. Ọpọlọ kan náà ni. Èyí tó ti inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jáde ń pa, èyí tó ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde ń gbà là, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà gbà.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé àwọn èkúté méjì yẹn.

Báwo ló ṣe ń di oró?

Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Mitochondria ni ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn yìí pèsè agbára. Nígbà míràn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á jò níbẹ̀, á bọ́ sára ọ́síjìn, ọ́síjìn náà á sì di superoxide. Ara ní ẹ́ńsáìmù tó ń palẹ̀ superoxide mọ́; SOD lorúkọ rẹ̀, ó sì yára gan-an. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yára jù ú lọ láti já superoxide gbà: nitric oxide. Bí nitric oxide bá ti pọ̀ níbẹ̀, òun àti superoxide á so pọ̀, wọ́n á di peroxynitrite. Joseph Beckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pe àkíyèsí ayé sí èyí ní 1990.

Peroxynitrite kì í pẹ́ láyé. Nínú ara, ìlàjì rẹ̀ ti lọ kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Kí ló lè ṣe láàárín àkókò kékeré bẹ́ẹ̀? Ó pọ̀. Ó ń lẹ náítírójìn àti ọ́síjìn mọ́ tyrosine, ọ̀kan lára àwọn ègé kéékèèké tí a fi mọ purotéènì, tí purotéènì náà kò fi ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àmì yìí, tí wọ́n ń pè ní nitrotyrosine, kì í tètè parẹ́, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ nínú ọpọlọ òkú pé peroxynitrite ti kọjá níbẹ̀. Ó tún ń já okùn DNA; sẹ́ẹ̀lì á wá fi ohun ìpèsè agbára rẹ̀ ṣòfò níbi tó ti ń tún un so, títí á fi rẹ̀ ẹ́ kú.

Ibi tí mo ti ní kí ẹ fi BH4 sọ́kàn la dé báyìí. Peroxynitrite ń ba BH4 jẹ́. Bí BH4 bá sì ti tán, ẹ́ńsáìmù NOS kò ní dákẹ́ o. Á máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n dípò nitric oxide, superoxide ni á máa ṣe. Ẹ wò ó bó ṣe ń yí po: superoxide ń bí peroxynitrite, peroxynitrite ń ba BH4 jẹ́, àìsí BH4 ń bí superoxide míràn. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ń mu sìgá, àti ẹni tí ọjọ́ orí ti ń dé sí.

Ọ̀nà kejì tó fi ń ṣe ibi kò jìnnà sí ohun tí àwọn tó ń ṣe gàrí mọ̀. Ẹ̀gẹ́ ní cyanide nínú. A máa ń rin ín, a máa ń bò ó kó kan, a máa ń fún omi rẹ̀ dànù, a máa ń yan án, kí cyanide yẹn lè lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí lórí àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ tó ń ta tó sì ń kú tipiri, ìrìn tí kò dúró, ojú tó ń ṣú, etí tó ń di. Ó so ó mọ́ cyanide inú oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Kí ni cyanide ń ṣe? Ó ń di ẹ́ńsáìmù ìkẹyìn mú nínú mitochondria, èyí tó ń gba ọ́síjìn wọlé. Nitric oxide náà, ẹ́ńsáìmù yẹn gan-an ló ń dì mú. Ìyàtọ̀ wọn ni pé nitric oxide ń bá ọ́síjìn du àyè ni: bí ọ́síjìn bá pọ̀, á yọ̀ǹda, bí ọ́síjìn bá wọ́n, á dì í mú ṣinṣin. Nítorí náà, ọpọlọ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fún, tí ọ́síjìn kì í dé dáadáa, ìwọ̀nba nitric oxide tí kò ní ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan lè nira fún un.

Ẹ̀kẹta, gáàsì yìí máa ń so mọ́ sọ́fọ́ọ̀ (sulfur) tó wà lára purotéènì. Nígbà tó bá wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń darí iṣẹ́ ni. Àmọ́ àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní 2006, ẹgbẹ́ onímọ̀ Stuart Lipton fi hàn pé nínú ọpọlọ àwọn tó kú pẹ̀lú àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ara á sì máa gan, àti àrùn Alzheimer, èyí tó ń mú èèyàn gbàgbé nǹkan, nitric oxide ti bo PDI, ẹ́ńsáìmù tó ń bá purotéènì ká ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí PDI kò bá lè ṣiṣẹ́, purotéènì tí kò ká dáadáa á máa kó jọ.

Parkinson àti Alzheimer

Ní 1982, ní California, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń gún oògùn olóró lábẹ́rẹ́ ṣàdédé gan, wọn ò lè mira, bí ẹni tó ti ní Parkinson fún ọ̀pọ̀ ọdún. William Langston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa rẹ̀, wọ́n bá kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ MPTP nínú ohun tí wọ́n gún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi MPTP kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn yìí. Ní 1996, wọ́n fún èkúté tí kò ní nNOS ní MPTP, ìpalára rẹ̀ kéré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fi oògùn dí nNOS lára ìnàkí, oògùn náà sì dáàbò bò wọ́n. Ní 2000, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò, wọ́n bá àmì tí peroxynitrite ń fi sílẹ̀ lára purotéènì alpha-synuclein, èyí tó máa ń kó jọ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní Parkinson.

Ti Alzheimer, purotéènì kan tó ń jẹ́ amyloid ló ń kó jọ níta sẹ́ẹ̀lì, tí microglia á yí i ká, tí wọ́n á ṣí iNOS sílẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Jámánì rí i pé nitric oxide ń sọ tyrosine kẹwàá lára amyloid dìdàkudà, àti pé amyloid tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ń tètè dì gbagidi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ̀ṣọ́ fẹ́ fi lé ọ̀tá lọ ló tún ń fún ọ̀tá lágbára.

Ṣé nitric oxide ló wá ń bẹ̀rẹ̀ àwọn àrùn wọ̀nyí? Èrò tèmi ni pé rárá, kì í sábà jẹ́ òun ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń sọ kékeré di ńlá, tí kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tó yẹ kó jinná jinná.

Kí ló dé tí a ò kàn fi oògùn dí i?

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Nínú àrùn tí kòkòrò bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì já wálẹ̀, iNOS ń tú gáàsì jáde ní àtúdàálẹ̀. Wọ́n wá fún àwọn aláìsàn ní oògùn tó ń dí gbogbo NOS pátá, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìfúnpá gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 28, 59 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn ti kú, nígbà tó jẹ́ 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà á. Wọ́n dá a dúró. Ẹ rántí èkúté kejì: ẹni tó bá dí ti ibi, tó tún dí ti ire mọ́ ọn, kò ṣe aláìsàn lóore.

Fítámì E ńkọ́? Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, 800 aláìsàn Parkinson ló kópa. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwọ̀n 2,000 IU lójúmọ́, kò dá àrùn dúró. Ní 2005, wọ́n fún àwọn tí ìrántí wọn ti ń dín ní iye kan náà fún ọdún mẹ́ta, kò gbà wọ́n lọ́wọ́ Alzheimer. Àwọn míràn lo inosine láti fi kún uric acid inú ẹ̀jẹ̀, torí uric acid máa ń gba ìjà peroxynitrite. Aláìsàn Parkinson 298 ló wà nínú ìyẹn. Àrùn kò falẹ̀, òkúta inú kíndìnrín ló pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Peroxynitrite ti ṣe ibi rẹ̀ tán níbi tó ti bí, kí fítámì tó débẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá sì fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti lọ.

Èyí tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn nínú gbogbo ìsapá yìí ni memantine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2003 fún Alzheimer tó ti wọra. Kì í dí NOS. Ó ń dín kálísíọ̀mù tó ń ya wọ sẹ́ẹ̀lì kù, láìti ilẹ̀kùn pa. Ó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ díẹ̀, kì í wo àrùn sàn.

Kí la wá lè ṣe nílé?

Ẹ tọ́jú orísun ire, ìyẹn eNOS inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò ní kéde ara rẹ̀ fún yín. Ẹ lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá fọ́ nìkan. Ẹ máa rin ìrìn tó mú èémí yá díẹ̀, 150 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kọjá lára iṣan ló ń jí eNOS. Sìgá, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti àwọn ẹ̀fọ́ tútù ní nitrate nínú. Bí a bá jẹ ẹ́, á wọ ẹ̀jẹ̀, á padà sínú itọ́ ẹnu. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín ẹ̀yìn ahọ́n á sọ ọ́ di nitrite, ara á sì ti ibẹ̀ ṣe nitric oxide. Ẹni tó ń fi omi apakòkòrò fọ ẹnu láàárọ̀ lálẹ́ ń pa àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ẹni tó bọ ẹ̀fọ́, tó fún un, tó da omi rẹ̀ nù, ọ̀pọ̀ nitrate náà ti bá omi lọ. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ fi sínú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún oògùn inú ike tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń fi kún nitric oxide. Arginine ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2006, wọ́n fún àwọn tí ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní arginine. Àwọn mẹ́fà kú nínú àwọn tó lò ó, kò sí ẹyọ kan tó kú nínú àwọn tí kò lò ó, wọ́n sì fòpin sí i. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo nitroglycerin kò gbọ́dọ̀ fi oògùn Viagra mọ́ ọn. Ọ̀nà nitric oxide kan náà ni méjèèjì ń gbà. Ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì kó sì gba ẹ̀mí.

Ohun kan wà tó jẹ́ tiwa. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ tẹ̀lé àwọn àgbà tó ti tó ọdún 65, àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀ àrùn ìgbàgbé ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò pọ̀ ní Ìdíkàn nígbà náà tó ti Indianapolis. Ẹ jẹ́ ká má fi ọwọ́ ara wa sọ ọlá yẹn nù.

Ó kù ohun kan tó ń dùn mí. Ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ sódì, tó ń rìn kiri lóru, tó ń jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, àwọn kan á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Kì í ṣe àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ni, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, bóyá díẹ̀díẹ̀ ló ń wá tàbí lójijì. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ sọ bó bá ti ṣubú tó fi orí gbálẹ̀ láìpẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dà sábẹ́ agbárí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 wò, àti ẹṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní thyroid, àti HIV, àti àtọ̀sí ńlá tó ń jẹ́ syphilis. Àwọn wọ̀nyí ń mú èèyàn gbàgbé, wọ́n sì gba ìtọ́jú.

Mo rí ọwọ́ tó ti wà lókè láti àárín. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyá tó wà níwájú yẹn ni kó kọ́kọ́ béèrè.